Káàdì Wà Lápò Ìdòwú, Orúkọ Wàsíù Ló Wà Lára Rẹ̀

Ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2024, mo ń mu gaàrí lọ́wọ́ nígbà tí Ìdòwú wọlé tọ̀ mí wá. Kò kí mi tán kó tó jókòó, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwà rẹ̀ nìyẹn. Ó na káàdì ATM kan sí mi, ó ní, “Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ó ti gbé owó onílé mì.”

Iṣẹ́ báńkì ni mo ṣe fẹ̀yìn tì. Ọdún 21 ni mo lò nídìí rẹ̀. Ní báyìí, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìdòwú ló lẹ táìlì ilé ìwẹ̀ mi ní 2021, kò sì tíì ṣí títí di òní. Orúkọ tí mo pè é yìí kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Wàsíù tí ẹ máa bá pàdé láìpẹ́ náà kì í jẹ́ Wàsíù. Àwọn méjèèjì ló ní kí n kọ ọ́.

Abúlé kan lẹ́yìn Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni Ìdòwú ti wá. Tí ẹ bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ máa ní ará Ìmẹ̀kọ ni, ẹ kò sì ní jìnnà sí òtítọ́. Ní 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó sórí àwòrán ilẹ̀, tí wọ́n fa ìlà: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ṣì ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń sin òkú ara wọn, èdè kan náà ni wọ́n sì fi ń bú ara wọn. Àmọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, Àgànyìn ni wọ́n ń pe Ìdòwú. Ó ní òun kò bínú sí i mọ́.

Ní 2015 ló gun ọ̀kadà gba ọ̀nà Ìlárá wọ Nàìjíríà. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ìwé, ẹnikẹ́ni kò sì tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé kankan. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Láti ìgbà tó ti dé, ọ̀dọ̀ alájọ ni owó rẹ̀ ń wà. Obìnrin kan ní Ọjà Òkè-Ajé ló ń gba ₦500 lọ́wọ́ rẹ̀ lójúmọ́, nígbà tó yá ó di ₦1,000. Tí oṣù bá parí, obìnrin náà á yọ owó ọjọ́ kan fún wàhálà rẹ̀, á dá ìyókù padà. Kò jẹ Ìdòwú ní kọ́bọ̀ rí. Owó tí Ìdòwú bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé, awakọ̀ kan ló ń bá a gbé e dé bodè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ sí sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná lọ́dọ̀ wọn. Sẹ́fà ní tirẹ̀, owó Yúróòpù ni wọ́n so ó mọ́, kò gbéra. Náírà ni kò ní ibi tí wọ́n so ó mọ́. Lẹ́yìn oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n tú iye owó ilẹ̀ òkèèrè sílẹ̀, owó iṣẹ́ tó máa ń tó ìyá rẹ̀ jẹ lóṣù kan kò tó o jẹ ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ohun tó yọ ọ́ lọ́wọ́ alájọ ni ọ̀rọ̀ owó tuntun. Ní oṣù Kẹwàá 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn máa pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Àwọn aráàlú ní wọn ò pààrọ̀ nǹkan kan, wọ́n kàn rẹ ẹ́ láró ni. Wọ́n ní owó àtijọ́ kò ní ṣe é ná mọ́ tí oṣù Kìíní 2023 bá parí. Wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Ẹ ò ní tíì gbàgbé oṣù yẹn. Ní Ṣàgámù níbí, inú bí àwọn èèyàn títí tí wọ́n fi dáná sun báńkì. Ìdòwú ní ₦185,000 owó àtijọ́ nínú àpótí, àjọ tó kó lópin ọdún. Ẹni tó ní àkáǹtì ń lọ tò láti san tirẹ̀ sí i. Ìdòwú kò ní. Ẹnì kan sọ fún un pé òun máa gba ₦1,000 rẹ̀ ní ₦700. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìyẹn ni Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ títí di òpin ọdún, àmọ́ ta ló mọ̀ nígbà náà?

Ibí ni Wàsíù ti wọ̀ ọ́. Wàsíù ń kun ọ̀dà. Ibi tí Ìdòwú bá ti ń parí iṣẹ́ lòun ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní àkáǹtì kan tí kò lò mọ́. Ó san ₦185,000 náà síbẹ̀, ó gbé káàdì fún Ìdòwú, ó sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún un, ó ní, “Ìwọ lo ni ín. Mi ò ní yọjú síbẹ̀.” Kò sì yọjú lóòótọ́. Wàsíù kì í ṣe olè. Mo fẹ́ kí a fẹnu kò sórí èyí kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, torí gbogbo ẹni tí mo bá sọ ìtàn yìí fún, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń sọ ni pé, “Wàsíù ti jẹ ẹ́ nìyẹn.”

Fún oṣù 15, káàdì yẹn ni Ìdòwú fi ń ṣe ohun gbogbo. Àwọn onílé tí kì í fẹ́ san owó gidi mọ́ ń fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Ó ń gbà á lọ́dọ̀ àwọn oní-POS. Ó ti wá gbà lọ́kàn pé káàdì ló ń jẹ́ àkáǹtì, bí ẹni pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló nilé.

Lóṣù Karùn-ún 2024 ni ìyáàfin kan tó ń gbé Èkó pè é síṣẹ́. Ilé bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni. Iléyá ọdún náà máa bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, Ọjúde Ọba sì máa bọ́ sí ọjọ́ 18, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú régbérégbé, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jọ́ orí kan náà, sì ti ní ilé rẹ̀ làwọn máa ti wọṣọ. Tí ẹ bá jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ilé tí ẹyẹ ti ń yé sí láti ìgbà tí bàbá ti kú, tó bá ku oṣù kan kí Ọjúde Ọba pé, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọmọ máa fẹ́ fi sọ ọ́ di ààfin. Ìyáàfin náà fi ₦620,000 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, owó táìlì, owó sìmẹ́ǹtì àti ìdajì owó iṣẹ́. Owó tó ti wà nílẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ ₦48,600.

Lọ́jọ́ kejì Ìdòwú dé ṣọ́ọ̀bù táìlì, ó yan ọjà ₦310,000, ó fa káàdì. Kò wọlé. Ó tún fà á. Ọmọ tó wà nídìí POS bá a wo iye tó kù: ₦137,350.

Tí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ₦531,250 ló ti fò lọ. Kì í ṣe iye tí olè máa ń gbé. Olè kì í fi ₦137,350 sílẹ̀. Iye tó ní igba àti àádọ́ta nídìí bẹ́ẹ̀, gbèsè pẹ̀lú èlé ni. Mo ti rí irú rẹ̀ púpọ̀ ju kí n máà dá a mọ̀. Mo bi Ìdòwú pé, “Ṣé Wàsíù jẹ báńkì kankan ní gbèsè?” Ó ní òun kò mọ̀. A pe Wàsíù. Ó dákẹ́ pẹ́ lórí fóònù, ó ní, “Bàbá, owó kẹ̀kẹ́ yẹn ni?”

Ní 2022, Wàsíù yá ₦400,000 ní báńkì mìíràn, ó fi ra kẹ̀kẹ́ Márúwá àlòkù. Kẹ̀kẹ́ náà kò pé oṣù mẹ́fà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi kú. Ó san díẹ̀, ó dákẹ́. Wọ́n pè é títí, ó pààrọ̀ nọ́ńbà. Nígbà tí wọn kò pè é mọ́, ó rò pé wọ́n ti gbàgbé. Báńkì kì í gbàgbé. Láti 2014 tí BVN ti dé, nọ́ńbà 11 kan ṣoṣo ló so gbogbo àkáǹtì ẹnì kọ̀ọ̀kan pọ̀, pẹ̀lú ìka àti ojú rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 2020, Báńkì Àpapọ̀ tún gbé ètò kan jáde tí wọ́n ń pè ní GSI: tí o bá yáwó ní báńkì kan tí o kò san án, báńkì náà lè fi BVN rẹ wá ibi tí owó rẹ bá wà nínú báńkì yòókù, kí ó sì fa ti ara rẹ̀ yọ. O ti fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí o yáwó. O kàn lè má kà á ni. Oṣù 15 ni àkáǹtì tí Ìdòwú ń lò fi wà níbi tí ọwọ́ ètò yìí lè tó o. Ṣé ó ti mú díẹ̀díẹ̀ rí? A wo ìwé àkáǹtì náà sẹ́yìn. Kò mú nǹkan kan. Ọjọ́ tí owó ńlá wọlé ló mú gbogbo tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

A lọ sí báńkì tí àkáǹtì náà wà ní ọjọ́ Ajé. Mo wọ agbádá, bí ẹni pé agbádá lè ṣí ìwé. Ọmọbìnrin tó dá wa lóhùn fara balẹ̀. Ó bi wá pé ta ló ni àkáǹtì. Ìdòwú ní òun ni. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo Ìdòwú, ó ní, “Ẹ̀yin ni Wàsíù?” Ìdòwú ní rárá. Ó ní òun kò lè bá a sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nìyẹn. Wàsíù tó dúró lẹ́yìn wa ní kó bá òun sọ ọ́. Ọmọbìnrin náà ní owó inú àkáǹtì Wàsíù ló san gbèsè Wàsíù, kí ni àwọn fẹ́ dá padà?

Inú bí Ìdòwú sí i. Èmi kò lè bínú. Mo ti jókòó sórí àga yẹn rí. Láàárín ọdún 21, n kò lè ka iye oníṣẹ́ ọwọ́ tí mo lé padà: ará Kútọnu, ará Tógò, ará Gánà, owó wà lọ́wọ́ wọn, ìwé ni kò sí. “Ẹ lọ mú ìwé wá,” ni mo máa ń sọ. N kò béèrè lẹ́ẹ̀kan rí ibi tí owó náà gbà lọ lẹ́yìn tí mo bá dá wọn padà. Ọ̀dọ̀ àwọn Wàsíù ló ń gbà lọ.

Láàárín àsìkò yìí, ìyáàfin ará Èkó ti gbọ́ pé a ò tíì ra táìlì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin pè mí, ó ní àwọn ti gbọ́ pé Àgànyìn náà ti gbé owó sá lọ sí Kútọnu, ọlọ́pàá lòun sì ń bá lọ. Àga tó kọjú sí mi ni Ìdòwú wà, ó ń fi ọwọ́ gbo orúnkún. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà níbí, kò sì tíì dé Kútọnu rí láyé rẹ̀. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n náà fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ilé bàbá Wàsíù, nítòsí Ìta-Àlẹ, la ti jókòó. Bàbá náà ti lé ní 70, iṣẹ́ káfíńtà ló ṣe. Ìdòwú dọ̀bálẹ̀ kí ó tó wọ pálọ̀, bàbá ní kó dìde, ó ní ẹni tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Wàsíù bá dọ̀bálẹ̀.

“Ṣé o mọ̀ pé o jẹ gbèsè nígbà tí o gbé káàdì fún un?” Bàbá ló bi í.

“Mo mọ̀, sà.”

“Kí ló dé tí o kò sọ fún un?”

“Mi ò mọ̀ pé wọ́n lè gbà á níbẹ̀. Báńkì ibí kọ́ ni mo jẹ.”

Bàbá wo mí. Mo ní òótọ́ ló sọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀. Bàbá ní, “Àìmọ̀ kì í ra táìlì.”

Ìdòwú ló wá sọ ohun tó mú kí gbogbo wa dákẹ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ má pa Wàsíù. Tí kì í bá ṣe ti káàdì rẹ̀, ₦185,000 mi ì bá ti di ìwé lásán láti ọdún tó kọjá. Òun nìkan ló gbà á lọ́wọ́ mi láì yọ nǹkan kan.” Àṣìrò díẹ̀ wà níbẹ̀, torí ilé-ẹjọ́ gba owó náà là nígbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún un.

Bí a ṣe parí rẹ̀ rèé. Ìyáàfin náà kò tíì wá oníṣẹ́ ọ̀dà. Wàsíù gbà láti kun ilé náà lọ́fẹ̀ẹ́, a sì díye lé iṣẹ́ yẹn ní ₦150,000. Bàbá Wàsíù jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa; ó yá ₦200,000 lórúkọ ara rẹ̀, Wàsíù á máa san án. Bàbá náà tún ní àgbò méjì tó ń sìn de Iléyá. Ó ta ọ̀kan ní ₦180,000. Ó ṣẹ́ ku ₦1,250, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ bó ṣe ṣòro tó láti mú ìyáàfin yẹn gbà. Wákàtí méjì ni mo fi bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ohun tó mú un gbà ni pé kò sí oníṣẹ́ mìíràn tó ṣófo ní Ìjẹ̀bú-Òde lóṣù yẹn. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ni wọ́n parí ilé náà. Lọ́jọ́ Ọjúde Ọba mo rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ òkè wọn, mo sì wo ẹsẹ̀ wọn lórí táìlì náà ju bí mo ṣe wo aṣọ lọ.

Lẹ́yìn Iléyá ni Ìdòwú padà wá. Ó ní òun fẹ́ àkáǹtì tirẹ̀, kódà bó jẹ́ ọdún kan ló máa gbà. Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Ọ̀dọ̀ àwọn NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fúnni, la ti bẹ̀rẹ̀. Òfin tó dá NIN sílẹ̀ ní 2007 kò ti àlejò síta: ẹni tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, tó bá ti gbé níbí lọ́nà òfin fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Mo ka a fún Ìdòwú, inú rẹ̀ dùn. “Ọdún mẹ́sàn-án ni tèmi,” ló wí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó wà láàárín, “lọ́nà òfin fún”, ni kò gbọ́.

Àdéhùn 1979 ti ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ló fún ọmọ orílẹ̀-èdè kan láyè láti wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì jókòó fún 90 ọjọ́. Àmọ́ ìwé ìrìnnà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu bodè tí ìjọba mọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ gbà. Tó bá fẹ́ jókòó ju 90 ọjọ́ lọ, kó gba káàdì ìgbélùú lọ́wọ́ Ímígíréṣọ̀n. Ìdòwú kò ní ìwé ìrìnnà. Ọ̀nà Ìlárá tó gbà kò ní òǹtẹ̀. Nínú ìwé, kò tíì dé.

Ó bi mí pé, “Bàbá, ọdún mẹ́sàn-án, ìjọba kò mọ̀ pé mo wá?”

Mo ní, “Wọn kò mọ̀.”

Ó ronú sí i, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Agbowó orí ọjà mọ̀.”

Ohun tó ṣe ni pé ó padà sílé. Oṣù mẹ́ta ló lò níbẹ̀ kó tó rí ìwé ìrìnnà gbà, àwọn onílé tó ń pè é sì ti gba oníṣẹ́ mìíràn. Ní oṣù Kẹwàá 2024 ló gba Ìdìròkò wọlé, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ fún un, ó ya fọ́tò òǹtẹ̀ náà, ó fi ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ kùtù bí ẹni tó bímọ. Ó lọ sí Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀mẹrin lórí káàdì ìgbélùú. Ní oṣù Kẹta 2025, báńkì kan gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, káàdì náà àti ìwé owó iná ilé tó ń gbé, wọ́n ya ìka àti ojú rẹ̀ fún BVN, ó sì ní àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Mo fẹ́ dákẹ́ síbẹ̀, torí ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ Báńkì Àpapọ̀ ti kọ̀wé ní oṣù Kejìlá 2023 pé ẹni tó bá ní BVN nìkan, tàbí NIN nìkan, àkáǹtì ìpele kìíní ló lè ní. Ìpele kejì àti ìkẹta, àfi kí méjèèjì pé. Owó inú àkáǹtì ìpele kìíní kò sì gbọdọ̀ ju ₦300,000 lọ. Ìdòwú kò tíì ní NIN. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ fún un ni wọ́n ti ń ka ọdún méjì rẹ̀. Ó di oṣù Kẹwàá 2026.

Ní oṣù tó kọjá, ó rí iṣẹ́ ilé kan gbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Onílé fẹ́ fi ₦540,000 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdòwú pè mí lálẹ́. Ó ní òun ti ní kó fi ₦250,000 sí tòun díẹ̀díẹ̀. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Ìyókù ńkọ́, Bàbá? Mi ò fẹ́ lọ bá Wàsíù mọ́. Ṣé ẹ lè bá mi gbà á sí tiyín?”

Mo sọ fún un pé kó ní sùúrù. Mo yá owó fi tún òrùlé ṣe lọ́dún tó kọjá, oṣù méjì nìyí tí n kò rí i san. Mo ka nọ́ńbà àkáǹtì ìyàwó mi fún un.